Kòkòrò tó ń gba ojú kánúlà wọ inú ẹ̀jẹ̀

Bí èèyàn bá dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ní Iléṣà, ì báà jẹ́ ní Ifẹ̀, ọwọ́ ọmọ náà lojú kọ́kọ́ máa ń bá. Wọ́n ti fi plásítà wé e mọ́ páálí kékeré kan kó má baà ká ọwọ́ kò, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì yọ láti abẹ́ plásítà náà lọ bá omi tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Kánúlà ni èyí tó wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn. Omi tó ń kán ni ìyá ọmọ máa ń wò, pé ṣé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Abẹ́ plásítà gan-an lọ̀rọ̀ wà, ojú ibi tí rọ́bà ti la awọ kọjá.

Àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn kó ní ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí èyí tó gbé wá láti ilé. Wákàtí 48 ni àwọn oníṣègùn fi ṣe ààlà. Bí ara bá ti ń gbóná kí aláìsàn tó wọlé, tàbí tó gbóná lọ́jọ́ kejì, àfàìmọ̀ kí kòkòrò má ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó wá nítorí ẹsẹ̀ tó kán, tó ti ń jẹun tó ń rẹ́rìn-ín, tó wá ń gbọ̀n lọ́jọ́ kẹrin, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, inú wọ́ọ̀dù ló ti bá èyí pàdé. Àwọn ẹbí a máa ní àìsàn ló yí padà, òmíràn á ní ọwọ́ ayé ti bà á. Ó máa ń dunni, nítorí ọ̀nà tí kòkòrò gbà wọlé kì í ṣe ohun àwámárìídìí.

Láyé ijọ́un, odi yí Ifẹ̀ àti Iléṣà ká. Bodè ni àlejò ń gbà wọlé, oníbodè á sì wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Awọ ara ni odi ti ẹ̀jẹ̀. Bakitéríà lọ rẹpẹtẹ ló ń gbé orí awọ lójoojúmọ́, Staphylococcus wà lára wọn, wọn kì í sì í ṣeni ní nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá jókòó síta. Kánúlà ni bodè tuntun tí wọ́n dá lu sára odi náà, kò sì ní oníbodè. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kòkòrò tó bá tẹ̀lé e wọlé lè ti lẹ̀ mọ́ rọ́bà, kó máa bí sí i, kó máa tu ohun yíyọ̀ kan jáde tó fi ń bo ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ inú àmù tí wọn kò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ti mọ ohun yíyọ̀ náà. Èyí tó ń yọ̀ lára àmù yẹn, irú rẹ̀ ló wà lára rọ́bà. Oògùn apakòkòrò ń gba orí rẹ̀ kọjá, kì í ráyè wọ inú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí ibà fi ń lọ tó tún ń bọ̀ bí wọ́n ṣe ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ tó, títí wọ́n á fi yọ rọ́bà náà.

Gbogbo ọjọ́ tí rọ́bà bá lò lára ló ń fi kún ewu. Èyí tí wọ́n ń fi sí ọrùn tàbí àyà, tí orí rẹ̀ dé ẹ̀bá ọkàn, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ewu tiẹ̀ ju ti ọwọ́ lọ. Rọ́bà ìtọ̀ náà wà ńbẹ̀: kòkòrò á gbà á gòkè lọ sí ilé ìtọ̀, á dé kíndìnrín, á wá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kí àpò tí ìtọ̀ ń kán sí wà, láìfara kan ilẹ̀, torí bí wọ́n bá gbé e sórí ikùn aláìsàn nígbà tí wọ́n ń tì í lọ, ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú àpò lè ṣàn padà wọlé. Egbò iná àti ojú iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú jẹ́ bodè.

Kòkòrò kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ló ń gbé e. Ignaz Semmelweis, dókítà agbẹ̀bí ní ìlú Vienna, rí i lọ́dún 1847 nígbà tó ní kí àwọn dókítà máa fi omi oníkílórínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí, tí ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn bakitéríà bíi Klebsiella àti Pseudomonas fẹ́ràn ibi tó ń rin: ojú síńkì, ike omi, ìgò oògùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń fà fún ọmọ bíi mélòó kan. Acinetobacter, bakitéríà mìíràn, lè wà lórí irin bẹ́ẹ̀dì gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìbọ̀wọ́ tí èèyàn wọ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan dé ọ̀dọ̀ èkejì kò sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Fífi ọtí ìfọwọ́ pa ọwọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Àmọ́ níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń tọ́jú ogún ọmọ lóru, tí bẹ́ẹ̀dì fara kan bẹ́ẹ̀dì, tí omi ẹ̀rọ kò yọ, ìmọ̀ kọ́ ló ṣaláìní. Ẹni tó bá ń dá a lẹ́bi níbẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ òru rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2022 pé nínú 100 aláìsàn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bí 7 ló ń kó àkóràn kan tàbí òmíràn níbẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀, ó tó 15.

Ọmọ tí kò pé oṣù ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà jù. Ọmọ tí kò tó kílò kan ààbọ̀, awọ rẹ̀ tinrin débi pé plásítà lè bó o. Oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn oyún ni ìyá ń fi ọ̀pọ̀ èròjà agbára ìdènà àrùn ránṣẹ́ sí ọmọ, òun sì ti jáde kí ẹrù náà tó dé. Kò lè mu ọyàn, wọ́n á ki rọ́bà bọ imú rẹ̀, wọ́n á fi omíràn sí ọwọ́, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló sì lè lò bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìrètí wà ni pé tí ìyá bá dè é mọ́ àyà rẹ̀, awọ kan awọ, kòkòrò ara ìyá tí kì í ṣe ìkà á gba ipò tí kòkòrò wọ́ọ̀dù ìbá gbà lára ọmọ, wàrà ọyàn á sì máa gbèjà ìfun rẹ̀. Gbígbé ọmọ mọ́ra báyìí máa ń dín àkóràn kù gan-an.

Ewu náà pọ̀ fún ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde, àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fún ní oògùn líle, àti ọmọ tí oúnjẹ kò kánú. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: oògùn apakòkòrò tí aláìsàn ti lò ṣáájú. Kóró méjì láti kẹ́mísì, abẹ́rẹ́ kan ládùúgbò, òmíràn ní wọ́ọ̀dù. Ó pa àwọn kòkòrò pẹ̀lẹ́ tó ń gbé inú ìfun, àwọn olórí kunkun nìkan ló ṣẹ́ kù, àyè sì gbà wọ́n. Nígbà tí irú Klebsiella bẹ́ẹ̀ bá fi dé inú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ tí dókítà kọ́kọ́ fẹ́ lò lè máà ràn án rárá.

Ibẹ̀ ni ìgò ẹ̀jẹ̀ ti wúlò. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ láti ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́, wọ́n á dà á sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí oògùn tuntun tó wọlé. Nígbà mìíràn, ibi méjì ni wọ́n ń fà á, kì í ṣe láti fìyà jẹ aláìsàn: bí kòkòrò kan náà bá hù nínú méjèèjì, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe orí awọ. Ó lè hù láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó lè gba ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó lè sọ pé kò sí. Owó rẹ̀ ń wọni lára, àmọ́ òun ló ń sọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́.

Dókítà Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn Michigan, ní Amẹ́ríkà, jáde lọ́dún 2006. Wọn kò lo ẹ̀rọ tuntun. Ọwọ́ fífọ̀, bíbo aláìsàn dáadáa kí wọ́n tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, fífi oògùn chlorhexidine nu awọ ara, yíyẹra fún fífi rọ́bà sí itan, yíyọ rọ́bà tí kò wúlò mọ́. Àkóràn tí rọ́bà inú iṣan ń fà fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín kù.

Èyí tó kẹ́yìn nínú márùn-ún yẹn, ìyá ọmọ lè bá wọn ṣe é. Omi ti tán láti àná, ọmọ ti ń mu ẹ̀kọ, plásítà ti rin nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, awọ etí plásítà náà sì ti ń pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, aǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ yìí ṣì nílò kánúlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì á tẹ̀ síwájú wò ó, á fọ ọwọ́, á ṣí plásítà náà díẹ̀díẹ̀, á fa rọ́bà yọ, á sì fi òwú tẹ ojú rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá.