Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń di ọnà

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn èèyàn fi ń ya ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́: èyí tí à ń lò ni iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí à ń wò lásán ni ọnà. Ó rọrùn láti há sórí, àmọ́ kò wọ̀n nǹkan kan. Bó bá jóòótọ́ ni, a jẹ́ pé agere, àwo gbígbẹ́ tí babaláwo ń kó ikin sí, kì í ṣe ọnà, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ sínú àpótí onídígí lókè òkun.

Inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ààlà náà wà. Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére. Gígé igi àti gbígbé e wálé, kò sí àdììtú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpele mẹ́rin ló kù. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké yóò la ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ máa wà. Àlétúnlé yóò yọ ojú, etí àti ọwọ́ jáde lára rẹ̀. Dídán yóò mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló gbẹ̀yìn, níbi tí ẹnu ọ̀bẹ ti ń fa irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀.

Fínfín ni oníbàárà máa ń yìn, torí òun lojú rí. Ọnà lílé ni tèmi. Igi kì í ṣe amọ̀. Ẹni tó ń mọ ìkòkò lè bu amọ̀ kún ibi tó dín, àmọ́ igi tí àáké bá ti bù dànù, ó lọ nìyẹn. Orí ère sábà máa ń tó ìdá mẹ́rin gbogbo ara, nígbà míì ó tó ìdá mẹ́ta. Kí igi tó ní ojú tàbí ẹnu rárá ni ọ̀gá ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orí yẹn máa parí sí.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù telọ, ẹ ó rí nǹkan kan náà. Ọmọṣẹ́ ń lọ aṣọ, ó ń gán etí rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n bí aṣọ òkè olówó ńlá bá délẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa mú ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò lè tún agbádá tí sísọ́ọ̀sì bá ti bà jẹ́ ṣe, bó ti wù kí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn tó. Mo ti rí agbádá tó dára délẹ̀ lára, tó sì ń fa olówó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó gbé garawa omi. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí igi.

Lábẹ́ ọ̀gá agbẹ́gilére náà, ìdí dídán ni ọmọṣẹ́ sábà máa ń pẹ́ sí jù. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka ètò yìí sí: kò sẹ́ni tó jókòó túmọ̀ ọnà fún ọmọ náà, irinṣẹ́ tí wọn kò tíì fi lé e lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ fún un.

Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, tó kú ní 1938, mọ ọnà lílé débi pé àwọn èèyàn tó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lára pákó, tí orí wọn yọ síta. Ẹni tó bá fẹ́ kí orí yọ báyẹn gbọ́dọ̀ ti dá igi rẹ̀ sí látìgbà àáké àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ fínfín kò lè wá a rí lẹ́yìn náà. Ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, ló gbẹ́ ọ̀kan nínú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún, ó sì gbé òyìnbó aṣojú ìjọba sára rẹ̀, èyí tí àwọn arẹrù rù wá kí ọba. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó wà níbẹ̀, sì fẹ́ ẹ. Ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Kábíyèsí rí àga jókòó sí, Lọ́ńdọ̀nù rí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà wọlé mọ́.