Kí ló ń hù lára bàbà tó bá pẹ́ nínú ooru?

Ẹ nu wáyà bàbà kan títí yóò fi máa dán, ẹ gbé e sínú ààrò iná mànàmáná tó dúró lórí 500°C fún wákàtí mélòó kan, ẹ má da nǹkan kan sí i. Dúdú ló máa jáde. Ojú lásán kò ní rí ju dúdú yẹn lọ, àmọ́ lábẹ́ maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, igbó ni: àìmọye okùn tín-ín-rín tó nàró lára bàbà náà.

Ṣé ó hù ni lóòótọ́, àbí èéfín ló lẹ̀ mọ́ ọn?

Ó hù ni. Ní 2002, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Xuchuan Jiang, Thurston Herricks àti Younan Xia, kọ ọ́ sínú jọ́nà Nano Letters pé tí bàbà bá gbóná láàárín 400 sí 700°C nínú afẹ́fẹ́ lásán, okùn ọ́sáídì bàbà, ìyẹn ohun tí bàbà àti ọ́síjìn para pọ̀ dà, máa ń yọ lára rẹ̀. Ìbú wọn jẹ́ 30 sí 100 nánómítà, gígùn wọn sì lè tó 15 máíkírómítà. Ẹgbẹ̀rún kan nánómítà ló wà nínú máíkírómítà kan, mílíọ̀nù kan ló sì wà nínú mìlímítà kan. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà.

Ibo ló ti ń jáde, nígbà tí a kò da nǹkan kan sí i?

Inú bàbà fúnra rẹ̀ ni. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ́síjìn ló ń wọlé wá bá bàbà. Bàbà gan-an ló ń rìn jáde.

Ìpele méjì ló máa ń gorí ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ ni ọ́sáídì pupa, Cu₂O, níbi tí átọ́ọ̀mù bàbà méjì ti ń pín ọ́síjìn kan. Ti òkè ni ọ́sáídì dúdú, CuO, tí bàbà kọ̀ọ̀kan ti ní ọ́síjìn tirẹ̀. Bàbà á gba inú pupa gòkè títí yóò fi kan dúdú. Níbi tí pupa ti ń di dúdú yẹn, àyè kì í gba dúdú, nítorí ó fẹ̀ ju pupa lọ, gbogbo rẹ̀ á wá há. Ní àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́, híhá yìí ló ń ti bàbà gba ààlà tó wà láàárín kírísítálì kan àti èkejì (àwọn hóró kéékèèké tó para pọ̀ di ọ́sáídì náà), bí ìgbà tí èèyàn fún ọṣẹ ìfọyín jáde nínú ọ̀rá rẹ̀. Tó bá yọrí sókè, ó pàdé ọ́síjìn, ó di CuO lójú ẹsẹ̀, okùn náà á sì gùn sí i.

Ooru tó pọ̀ jù ńkọ́?

Ó ń bà á jẹ́. Tó bá ti kọjá 700°C, kírísítálì á tóbi, ààlà àárín wọn á dín kù, bàbà á sì máa gba ibi gbogbo kọjá. Èèpo á kàn nípọn ni.

Tó bá jẹ́ idẹ, ṣé bákan náà ni?

Rárá. Bàbà tí a yọ́ síǹkì mọ́ ni idẹ. Síǹkì lè má ju 30% lọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń gba ojú òde: ọ́sáídì síǹkì, ZnO, ni okùn tó máa hù, torí síǹkì ń fà mọ́ ọ́síjìn ju bí bàbà ṣe ń fà mọ́ ọn lọ. Síǹkì tó dá wà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 420°C. Nínú idẹ, ó wà ní líle, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, lára mẹ́táàlì tí a yọ́ pọ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè èyí tó pọ̀ jù. Ẹ béèrè èyí tó fẹ́ ọ́síjìn jù, tó sì lè rìn dé òde.

Ta ló ń lò ó?

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, fún àpẹẹrẹ. Nínú páìpù èéfín àwọn mọ́tò kan, ohun tó ń sọ èéfín olóró di aláìléwu wà lórí páálí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní nǹkan bí 20% kromíọ̀mù àti 5% alumíníọ̀mù. Tí wọ́n bá yan irin yìí ní nǹkan bí 900°C, alumíníọ̀mù tó kéré jù yẹn ló ń jáde, ọ́sáídì rẹ̀ á sì hù bí abẹ́rẹ́. Àárín abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni ìpele tó gbé platinum àti palladium, àwọn mẹ́táàlì tó ń sọ èéfín náà di aláìléwu, ti ń rí ibi dì mú, tí ooru àti gbígbọ̀n mọ́tò kò fi ní ṣí i kúrò.

Ṣé mo lè dán an wò nílé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yan idẹ nílé. Tí ooru bá pọ̀, síǹkì á di èéfín funfun, ẹni tó bá fà á símú lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ibà sì mú un ní wákàtí díẹ̀ sí i. Àwọn jórinjórin tó ń jó irin tí a fi síǹkì bò mọ ibà náà dáadáa. Yàrá ìwádìí tó ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta ni kí ẹ ti ṣe é.