Bí Líìgì Ọmọdé Ṣe Ń Tún Mathare Ṣe

Ní Mathare, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó fún pinpin nílùú Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ìdọ̀tí ló máa ń dí gọ́tà. Bí òjò bá ti rọ̀, omi ẹlẹ́gbin á ya wọ inú ilé páànù. Ní 1987, Bob Munro, ọmọ Kánádà tó ń gbé Nairobi, ran àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti dá Mathare Youth Sports Association (MYSA) sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ ń fẹ́. Wọ́n rí bọ́ọ̀lù gbá, àmọ́ iṣẹ́ bá a rìn.

Inú tábìlì líìgì ni ọgbọ́n náà wà. Ikọ̀ tó bá borí gba àmì 3, bíi ti líìgì yòókù. Ikọ̀ tó bá jáde lọ kó ìdọ̀tí, tó la gọ́tà àdúgbò rẹ̀, gba àmì 6. Ẹ ṣírò ó wò: ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá tún àdúgbò ṣe tó ìgbà méjì tí wọ́n borí. Ikọ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù lọ, bí kò bá gbé ṣọ́bìrì, àwọn tó nà lórí pápá lè jókòó lé e lórí. Ibí gan-an ni ètò yìí ti ta yọ. Kò sẹ́ni tó ń wàásù ìmọ́tótó fún ọmọ tó ń lé ife. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ máa kanlẹ̀kùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ló ń ṣe kóòṣì àti rẹfirí, àwọn ló sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń to ìdíje. Irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àmì tirẹ̀, tí wọ́n ń kọ sí orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn tí àmì wọn bá pọ̀ jù ni wọ́n ń bá san owó ilé-ìwé, ọwọ́ ilé-ìwé ni wọ́n sì ń san án sí tààrà. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí níbi tí ebi wà, owó ìwé kì í pẹ́ di owó oúnjẹ.

Ti àwọn ọmọbìnrin ló le díẹ̀. 1992 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn, nítorí iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú àbúrò wà lọ́rùn wọn. Àfi kí ìyá kọ́kọ́ gbà kí ọmọ tó lè dé pápá.

Ní 1994, Mathare United jẹyọ lára MYSA, ó sì gba líìgì Kẹ́ńyà ní 2008. Nínú ikọ̀ ńlá yìí pàápàá, iṣẹ́ àdúgbò wà lára ojúṣe agbábọ́ọ̀lù.