"Àrùn ọmọdé ni": bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa lórí ṣíkínpọ́ọ̀sì ṣe ń kó àgbà sí wàhálà

Oṣù kejì ọdún tó kọjá, nínú ooru burúkú tó máa ń tẹ̀lé ọyẹ́ yẹn, ara ọmọ kan tú jáde nínú ilé tí àbúrò mi ń gbé n'Íkẹ̀rẹ́. Ó kọ́kọ́ dà bí ooru lásán, kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì ó ti lómi nínú, gbogbo wa sì mọ̀ pé ṣíkínpọ́ọ̀sì ni, èyí táwọn àgbà ń pè ní ilẹ̀ẹ́gbóná. Ìyàwó àbúrò mi lóyún oṣù méje nígbà yẹn, òun ló sì ń bá ìyá ọmọ náà fi kálámáìn pa á lára. Ó bi wá pé ṣé kò léwu fóun báyìí. Gbogbo wa la jọ dá a lóhùn, èmi náà wà níbẹ̀, a ní rárá o, àrùn ọmọdé ni, ìwọ ti dàgbà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà náà ara tiẹ̀ tú, ojú, ọ̀fun, inú irun, ikọ́ dé, kò lè mí dáadáa mọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó yè é, oyún náà kò bàjẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èsì tá a fún un yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, torí òótọ́ pọ́ńbélé la rò pé a ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Láwọn ilẹ̀ olótùútù, òótọ́ ni pé ọmọdé ni ṣíkínpọ́ọ̀sì máa ń mú jù, kí ọmọ tó jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ó ti ṣe é kọjá, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kò sì sábà máa ń padà ṣe é mọ́. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé lápá ibi tí ooru pọ̀ sí, àrùn yìí máa ń pẹ́ kó tó dé bá èèyàn, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń dàgbà láì ṣe é rí. Àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ooru ni kì í jẹ́ kí kòkòrò náà lágbára láti fò látara ẹnì kan sí ẹlòmíì bó ṣe ń ṣe nínú òtútù, àti pé ibi táwọn èèyàn ò ti fún pọ̀, kò tètè rí ẹni tó máa mú. Ìyàwó àbúrò mi gan-an, abà lọ́nà Ìkọ̀lé ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ilé tó wà níbẹ̀ ò ju méje lọ. Ibo ló ti fẹ́ rí i ṣe? Irú wọn pọ̀ n'Ékìtì o, ọmọ oko tó wá kàwé l'Ádó, tó wọ họ́sítẹ̀lì tí wọ́n ń sùn mẹ́fà mẹ́fà nínú yàrá kan, tàbí èyí tó relé ọkọ sínú ilé ọlọ́pọ̀ yàrá tí gbogbo èèyàn ń lo balùwẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀, l'ọ́mọ ogún ọdún, l'ọ́mọ ọgbọ̀n ọdún.

Tó bá wá mú àgbà, kì í fọwọ́ rọ́ ọ lórí bíi tọmọdé. Ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè wọ ọpọlọ, ti aláboyún ló sì burú jù. Tó bá mú un ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó lè ṣe ọmọ inú lése, kì í ṣe gbogbo ìgbà, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Tó bá tú sí i lára láàárín ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìkúnlẹ̀ sí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tuntun lewu bá, nítorí ìyá ò tíì ráyè kó ọmọ ogun ara rẹ̀ fún ọmọ, ọmọ sì ti kó kòkòrò náà.

Àwọn ìyá kan máa ń sọ fún mi pé tàwọn ò kan èyí, wọ́n ti gún ọmọ àwọn ní gbogbo abẹ́rẹ́, wọ́n á fa káàdì yọ. Mo ti ka káàdì yẹn dáadáa. Abẹ́rẹ́ èéyi wà níbẹ̀, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ti ikọ́ fée wà níbẹ̀, ti ibà pọ́njú wà níbẹ̀, ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ti ṣíkínpọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀. Kò sí lára èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń gún lọ́fẹ̀ẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á lọ sanwó rẹ̀ ní ọsibítù aládàáni ni, owó náà kì í sì í ṣe kékeré. Èéyi ọ̀tọ̀, ṣíkínpọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀, abẹ́rẹ́ ọ̀kan ò dí èkejì. Bákan náà ni àpá tó wà léjìká àwọn bàbá wa, èyí tí wọ́n bu fún wọn nítorí ìgbóná, torí ìgbóná tí wọ́n kéde lọ́dún 1980 pé ó ti tán láyé yẹn, kòkòrò tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, bí orúkọ ẹnu wa tiẹ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe tuntun o. Dókítà ará Japan kan, Michiaki Takahashi, ló ṣe é lọ́dún 1974, lẹ́yìn tí àrùn náà ti bá ọmọkùnrin tiẹ̀ jà gidi nígbà tí wọ́n wà l'Ámẹ́ríkà. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1995. Kó tó dìgbà yẹn, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ló ń ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ́dọọdún, èèyàn bí ọgọ́rùn-ún sí àádọ́jọ sì ń kú. Àwa tá a ní ṣebí ìléròrò lásán ni.

Kí ló wá dé tí kò fi sí lórí káàdì wa? Ọ̀pọ̀ ló rò pé torí pé òṣì ta wá nìkan ni, tàbí pé wọn ò ka ọmọ wa sí. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíì tún wà tó yẹ ká mọ̀. Ká ní ìdajì àwọn ọmọ ìlú ló gbà á. Kòkòrò náà á dín kù nígboro, àwọn tí kò gbà á ò ní tètè pàdé rẹ̀ mọ́, wọ́n á máa dàgbà lọ bẹ́ẹ̀ láìní ààbò kankan lára, tó bá wá ká wọn mọ́ nígbà tí wọ́n ti di ìyàwó ilé, ìyẹn ló le jù. Ta ni wọ́n á sì jẹ́? Ọmọ ẹni tí kò rówó san ni. Ìdí nìyẹn tí WHO fi ní orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ gbé e wọ ètò ìjọba gbọ́dọ̀ lè gún ó kéré tán ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, kó sì lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Àwa sì wà lára àwọn tí ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan rárá pọ̀ jù lágbàáyé. Ìlú Ọba pàápàá tó lówó, ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn máa fi kún tàwọn ọmọdé.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí, nínú ilé tí owó ò tó, ẹni tí mo kọ́kọ́ máa rò ni ọmọbìnrin tó ti dàgbà tí kò ṣe é rí, tí kò tíì lóyún. Ẹ bi ìyá rẹ̀ dáadáa, "ṣé lágbájá ti ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná rí?" Tí kò bá dá ìyá lójú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tó lè sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín fún ẹni tó ti lé lọ́mọ ọdún méjìlá. Aláboyún ò gbọdọ̀ gbà á o, nítorí kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á á dúró fún oṣù kan kó tó lóyún. Kẹ́ ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó gún un.

Àwọn tó ń ní kí gbogbo ọmọ jọ sùn pọ̀ kó lè mú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ẹ ò mọ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ ò mọ ẹni tó lóyún oṣù kan tí kò tíì sọ fẹ́nì kankan. Ọjọ́ kan sí méjì kí ìléròrò àkọ́kọ́ tó yọ ló ti ń ràn, ó sì ń ràn títí gbogbo ẹ̀ á fi gbẹ tán tó sé èèpá. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí kò ṣe é rí nínú ilé kan náà, ó lè mú tó mẹ́sàn-án.

Ti ẹmu táwọn kan máa ń lò fún un, mo mọ̀ pé inú wọn ò ní dùn sí mi. Ẹmu kì í pa kòkòrò yìí, kéèyàn sì da á sójú egbò ọmọ kò dáa, ká má tiẹ̀ sọ ti fífún un mu. Omi mímọ́, kálámáìn, èékánná gígé, pàrásítámọ̀ tí ara bá gbóná. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin rárá, ó lè bá ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ jà. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà táwọn kan ń ní kó má jẹ ò dá nǹkan kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹun. Aláboyún tó bá ti wà nítòsí ẹni tó ní in, tí kò ṣe é rí, kó lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó má dúró kí ara tú, torí oògùn tó wà fún un kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá ti pẹ́.

Ọmọ ìyàwó àbúrò mi ti ń rákò báyìí. Àpá mẹ́ta ṣì wà níwájú orí ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ dàgbà nínú abà kan náà yẹn, ń kàwé l'Ádó, àwa mẹ́rin la dáwó jọ fún un, ó ti gba àkọ́kọ́, èkejì ku ọ̀sẹ̀ méjì.