Ọ́tò tàbí mánúà: ohun tó ń lọ nínú jíà, àti èyí tó bá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ mu

Ohun tó ya ọkọ̀ ọ́tò sọ́tọ̀ sí mánúà kò pọ̀ rárá: kí ló ń já agbára ẹ̀ńjìnnì kúrò lára táyà nígbà tí jíà bá fẹ́ yí? Nínú mánúà, ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ ni. Nínú ọ́tò, ọ́ìlì ni. Láti ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ yòókù ti ń jáde: iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ, ohun tó lè bà jẹ́ níbẹ̀, owó tí àtúnṣe máa gbà, àti bóyá èèyàn lè ti ọkọ̀ sítáàtì láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí bátìrì bá kú.

Ẹ jẹ́ ká mú mánúà ṣáájú. Láàárín ẹ̀ńjìnnì àti jíà, àwo pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi irú nǹkan tó wà lára bíréékì bò lójú méjèèjì. Òun ni dísìkì kílọ́ọ̀ṣì. Fíláìwíìlì, àwo irin wúwo tó ń bá ẹ̀ńjìnnì yí, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, pírẹ́ṣọ̀ pléètì wà ní ìkejì, àwọn méjèèjì ló há a mọ́ àárín, tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń yí ni jíà náà ń yí. Tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn kan á ti ìka sípíríǹgì pléètì wọlé, dísìkì á bọ́ lọ́wọ́ wọn, jíà á lè kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èjì láìhan. Ní jíà kìíní ọkọ̀ kékeré, ẹ̀ńjìnnì máa ń yí tó ìgbà mẹ́ta àbọ̀ kí ọ̀pá tó ń jáde láti inú jíà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi lágbára tí kò sì lè sáré. Ní jíà karùn-ún, ọ̀pá yẹn ló ń yí ju ẹ̀ńjìnnì lọ, ariwo á rọlẹ̀, epo á sì dínkù.

Dísìkì kì í jẹ nígbà tó bá há mọ́ra pátápátá, kì í sì í jẹ nígbà tó bá já pátápátá. Àárín méjèèjì ló ti ń jẹ, ìyẹn ìgbà tó ń ha ara mọ́ fíláìwíìlì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Tákíè n'Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, awakọ̀ tó bá fi ìlàjì kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí ìdagẹ̀rẹ́, dípò kó fa háńbíréékì, ń fi dísìkì ṣe bíréékì ni. Bákan náà ni ẹni tí kì í gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí pẹ́dáà. Kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tẹ̀ dáadáa lè kọjá 100,000 kìlómítà. Èyí tí wọ́n ń gùn bẹ́ẹ̀ lè parí kó tó pé ọdún kan.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń parí rèé: lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ wọ jíà kẹrin tàbí karùn-ún ní nǹkan bí 50 km/h, kí ẹ tẹ tọ́tù (pẹ́dáà epo) mọ́lẹ̀. Tí ohùn ẹ̀ńjìnnì bá ròkè tí eré ò sì pọ̀ sí i, dísìkì ti ń yọ̀. Tó bá jẹ́ pé jíà ló ń han, pàápàá rìfáàsì, ó lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì kò já tán. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì bíréékì, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì yẹn ló ń ti bíárìn. Tí sìlíńdà bá ń jò, pẹ́dáà á rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ jíà kalẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ dísìkì, pléètì àti bíárìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ sísọ jíà kalẹ̀ ló ń gba agbára mẹkáníìkì, ẹni tó bá sì dá bíárìn àtijọ́ padà tìtorí owó kékeré á san owó iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tún wo ojú fíláìwíìlì bóyá ó ti sán, kí wọ́n sì wo síìlì ẹ̀yìn ẹ̀ńjìnnì, torí ọ́ìlì tó bá kán sí dísìkì tuntun ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ọ́ìlì jíà mánúà fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà méjì lọ nínú ọkọ̀ kékeré. Irú ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní GL-4 ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Àwọn GL-5 kan lè jẹ òrùka bàbà tó ń mú kí jíà wọlé wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ́tò gba sùúrù díẹ̀. Kò sí dísìkì tí ẹsẹ̀ ń já níbẹ̀. Kọnfátà ló wà níbẹ̀, àgbá roboto tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Bí ẹni gbé fáànù méjì kọjú síra ló rí: ẹ̀ńjìnnì ń yí ọ̀kan, èyí ń ju ọ́ìlì lu èkejì, èkejì á sì máa yí jíà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè dúró nínú D (ipò tó fi ń lọ síwájú) pẹ̀lú bíréékì láìkú. Lẹ́yìn kọnfátà ni àwọn jíà kéékèèké tó ń yí yí ara wọn ká wà, pẹ̀lú ìdì àwọn dísìkì tín-ín-rín tí agbára ọ́ìlì ń tẹ̀ mọ́ra. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń sọ fún fáàfù bọ́dì ibi tí ọ́ìlì máa gbà, èyí ló ń pinnu jíà tó wọlé. Nítorí náà ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń gbé agbára, tó ń tẹ dísìkì, tó ń dá jíà lára, tó sì ń gbé ooru jáde. Tí ọ́ìlì bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ooru yẹn, ibo ló ń gbà jáde? Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro, páìpù méjì ló ń gbé ọ́ìlì jíà lọ sínú ràdíétọ̀, níbi tí táńkì kékeré kan wà láàárín omi. Irin tín-ín-rín ló dá ọ́ìlì àti omi sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń da omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ sí ràdíétọ̀ lọ́dọọdún, láìlo kúláǹtì, ń bọ́ ìpẹtà tó ń jẹ irin náà. Lọ́jọ́ tó bá lu, omi á wọ inú ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì á dà bíi mílíìkì tí wọ́n fi àwọ̀ pupa sí, ohun tó so awọ mọ́ dísìkì á sì tú. Kò sí àmì kankan tó ń ṣíwájú. Jíà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lónìí, wọ́n á sì dá jíà lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ ràdíétọ̀ ló fà á. Owó gálọ́ọ̀nù kúláǹtì kan kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó jíà ọ́tò tuntun. Ẹni tó ní ọ́tò kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Wíwo ọ́ìlì ọ́tò náà ní ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe bíi ti ẹ̀ńjìnnì. Nínú Toyota tó ní gééjì jíà, ẹ wa ọkọ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbóná, ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fi ẹsẹ̀ sórí bíréékì kí ẹ gbé ọwọ́ jíà káàkiri láti P (ipò ìdúró) dé L (jíà tó kéré jù) padà sí P, kí ẹ̀ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ fa gééjì. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì HOT. Nínú Honda, ẹ̀ńjìnnì ni ẹ máa pa, kí ẹ sì wò ó kó tó pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹni tó bá wo ti Toyota pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì tó ti kú á rò pé ọ́ìlì pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tuntun kò ní gééjì rárá; ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó.

Irú ọ́ìlì tún ṣe pàtàkì gan-an. Corolla ọdún 2003 sí 2008 ń lo Type T-IV, èyí tó tẹ̀ lé e ń lo WS, Honda ń lo DW-1, àwọn CVT Nissan sì ń lo NS-2 tàbí NS-3. CVT kò ní dísìkì tó ń wọ jíà kan dé òmíràn bí àwọn tó kù, bẹ́líìtì irin ló ń gùn sókè sódò láàárín púlì méjì. Ẹni tó bá da ọ́ìlì ọ́tò lásán sí i, kìkì nítorí pé ó pupa, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí púlì, á ha á, kò sì ní pẹ́ tó fi máa kú. Tí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, lítà mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló máa ń jáde nínú bíi méje tàbí mẹ́jọ, torí èyí tó wà nínú kọnfátà kì í jáde. Ó sàn kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọkọ̀ rìn díẹ̀ láàárín, ju kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ gbogbo rẹ̀ jáde lójijì nínú jíà tó ti pẹ́. Nínú ooru ilẹ̀ wa, 50,000 kìlómítà ló bójú mu, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé pé ọ́ìlì náà kì í parí láéláé.

Tó bá kan epo, ọ́tò àtijọ́ oníjíà mẹ́rin máa ń jẹ ju mánúà tó ní ẹ̀ńjìnnì kan náà lọ, torí ọ́ìlì inú kọnfátà ń yọ̀ díẹ̀ kí agbára tó kọjá. Lórí eré, nǹkan kan nínú kọnfátà máa ń gbá apá méjèèjì mọ́ra, nítorí náà ìyàtọ̀ náà kéré lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ìgboro ló ti ń hàn, níbi dúró-lọ-dúró-lọ Sábó. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìyàtọ̀ kékeré yẹn kò kéré mọ́ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ọ́tò tuntun oníjíà mẹ́fà sókè ti bá mánúà dọ́gba.

Tí bátìrì bá kú, ẹ lè fi mánúà sí jíà kejì, kí èèyàn méjì tì í, kí ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti sítáàtì nìyẹn. Ọ́tò kò ṣeé tì, torí pé ẹ̀ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì, láìsí pọ́ǹpù, jíà kankan kò lè wọlé. Ohun kan náà ló jẹ́ kí wọ́n máa gbé táyà iwájú ọ́tò tí ẹ̀ńjìnnì ń yí táyà iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fà á lọ. Èyí tí wọ́n fi okùn fà láti Ọ̀yọ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀, jíà rẹ̀ ń yí láìsí ọ́ìlì tó ń kán sí i.

Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ọ́tò ti ń wá, níbi tí General Motors ti gbé Hydra-Matic jáde lọ́dún 1939. Nissan Micra tí wọ́n fi ń ṣe kábú-kábú láti Ìbàdàn sókè, Yúróòpù ló ti ń wá, mánúà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ń kó kájú tàbí iṣu láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé àti Ajáàwà, kí ó mú mánúà: nínú ẹrẹ̀ àti lórí ìdagẹ̀rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń yan jíà, mẹkáníìkì tó mọ kílọ́ọ̀ṣì sì wà níbi gbogbo. Ẹni tó ń lọ LAUTECH, tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó máa ń wọ Ìwó Road n'Ìbàdàn, tàbí tí orúnkún ń dùn, ọ́tò ló bá a mu, tó bá ti ní owó ọ́ìlì àti kúláǹtì nípamọ́. Kó má ti R (rìfáàsì) bọ́ sí D kí ọkọ̀ tó dúró, kó fa háńbíréékì kó tó fi sí P lórí òkè. Tó bá fẹ́ kọjá tírélà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kó mọ̀ pé ọ́tò máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó sọ jíà kalẹ̀. Kó pa O/D (bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí jíà tó ga jù wọlé) kó tó yà síta.

Kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀ ọ́tò, ẹ dé ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ńjìnnì tutù. Ẹ fi sí D, ẹ kà á: tó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ kó tó mú, ọ́ìlì kéré tàbí síìlì ti le. Ẹ fa gééjì, ẹ fi ọ́ìlì pa láàárín ìka méjì, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Pupa mọ́ dára. Dúdú tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná kò dára. Ẹ wà á fún ìṣẹ́jú ogún ó kéré tán, torí jíà tó ti fẹ́ kú sábà máa ń dáa nígbà tó tutù. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ní ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀: kóòdù P0730 túmọ̀ sí pé jíà ń yọ̀, P0741 sì ń tọ́ka sí kọnfátà tí kò gbá mọ́ra. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ má ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, tàbí tó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.