Ìpele rọ́kẹ́ẹ̀tì: èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí

Bí ẹ bá gbọ́ "ìpele rọ́kẹ́ẹ̀tì", ẹ má rò ó mọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o. Kò sí ilé tó ń já ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ga sí i. (Ìpele tí àwọn ìyá wa ń wé lórí ìró tilẹ̀ sún mọ́ ọn jù: òun ṣe é tú.) Ẹ fi wé ọlọ́kadà tó ń rin ọ̀nà jíjìn, tó di kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta sẹ́yìn. Èyí tó bá ti gbẹ, ó jù ú sígbó, kí ẹrù lè fúyẹ́. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ti rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nídìí.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá ní ìpele mẹ́ta. Ti ìsàlẹ̀ gùn ní mítà 42, ó fẹ̀ ní mítà 10, ẹ́ńjìnnì 5 ló sì ní. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ péré ló fi ń jó, ó parí, ó já sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìkankan tó fò rí nínú mùsíọ́ọ̀mù, àfi àfọ́kù ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fà jáde nísàlẹ̀ òkun ní 2013.

Saturn V tó wà ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, kò fò rí. Wọ́n kọ́ ọ láti fò, wọ́n wá fagi lé ìrìn àjò tó kù. Láti 1977 ló ti nà gbalaja síta. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, ọ̀rinrin etí òkun ò jẹ́ kó gbẹ. Alumíníọ̀mù rẹ̀ ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, èbu bò ó, ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sí i. Nǹkan bí 2005 ni wọ́n tó kọ́ ilé bò ó, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n kùn ún. Ọ̀dà funfun tí àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí, ọ̀dà àtúnṣe ni.

Ní ìlú Houston yìí kan náà, ìpele ìsàlẹ̀ Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ SpaceX, kan wà tó fò lẹ́ẹ̀mejì ní 2017, tó sì padà wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ìbú rẹ̀ kò ju ẹnu ẹ́ńjìnnì Saturn kan ṣoṣo lọ. Òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí wọn ò fọ̀ ọ́. Epo òyìnbó ló ń jó, ẹni tó bá sì ti nu gíláàsì àtùpà rí mọ ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe. Bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, ìdí ló ń ṣíwájú, ẹ́ńjìnnì ń tu iná láti dá eré rẹ̀ dúró, ó wá ń gba inú èéfín ara rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni funfun ṣe di dúdú.

Ṣùgbọ́n dúdú náà kì í dọ́gba lára irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Àgbá òkè ni wọ́n ń rọ ọ́síjìn olómi tí epo fi ń jó sí, èyí tó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi ń bo ara àgbá náà, bí ara igo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Èéfín kì í rí ibi dì mọ́ lórí yìnyín. Nítorí náà òkè máa ń mọ́ díẹ̀, ìsàlẹ̀ tí epo wà a dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá dúró jìnnà, ẹ lè fi ojú wo ibi tí àgbá kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Ìta gbangba lòun náà wà báyìí, nínú òjò Houston kan náà.