Bó ṣe yẹ kí ọ̀nà singletrack fẹ̀ tó

Singletrack ni wọ́n ń pe ọ̀nà tóóró inú igbó àbí ẹ̀gbẹ́ òkè tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹni ẹ̀yìn á máa tọ ẹni iwájú ni. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Marin County, California, ọ̀nà gbàgàdà tí wọ́n là fún mọ́tò panápaná ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn, irú ẹ̀ náà ni wọ́n ti sá Repack, eré ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ní 1976, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọ̀nà tóóró wá di ààyò.

Kò sí iye kan pàtó tó bá gbogbo ẹ̀ mu. IMBA, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ òkè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988, ló fi àmì pín ọ̀nà bó ṣe le sí. Alámì róbótó funfun, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 72 ó kéré tán, ìyẹn ò tiẹ̀ jọ singletrack mọ́ ká sòótọ́. Róbótó gírìnì jẹ́ 36, búlúù onígun mẹ́rin 24, dáyámọ́ǹdì dúdú kan 12, tó bá wá di dáyámọ́ǹdì méjì ó lè má ju ínǹṣì 6 lọ, gígùn bírò kan báyìí.

Ibi tí táyà ń tẹ̀ nílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n o, kì í ṣe àyè tó wà láàárín igi méjì. Ibí ló máa ń dojú rú fáwọn èèyàn, torí hándù kẹ̀kẹ́ láyé 1990 sábà máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, tòní ti di 76 sí 80, ó ti fẹ̀ ju ilẹ̀ ọ̀nà búlúù fúnra ẹ̀ lọ (ínǹṣì 24 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 61), tí wọn ò bá gé ẹ̀ka igi sẹ́yìn dáadáa hándù á kọ́ igi.

Ọ̀nà tóóró máa ń jẹ́ kéèyàn rọra sáré, èyí tó fẹ̀ tó sì tẹ́ ló ń mú eré wá, ìyẹn ò dáa níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti ń pàdé oníkẹ̀kẹ́ ní kọ́nà. Àmọ́ ọ̀nà kì í dúró bí wọ́n ṣe là á: tí omi bá dá rogún sójú ọ̀nà, oníkálukú á yà fún ẹrẹ̀, kó tó pẹ́ ọ̀nà kan ti di mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà dà díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ òkè, nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí omi lè ṣàn kọjá.

Èyí tí wọ́n fi katapílà kékeré là máa ń fẹ̀ tó mítà kan níbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ríbi gbà, koríko ló máa ń padà fún un pọ̀. Ó wúlò fáwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta torí àìlera, nítorí lórí ọ̀nà ínǹṣì 24, ẹsẹ̀ kan lára méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á máa jábọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.